Jẹjẹrẹ Tí Ọmọ Mi Ń Bọ́

Ọmọ mi,

Ìyá rẹ ló ń kọ̀wé yìí, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi kọ ọ́, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Ṣé ara le? Ṣé ò ń sùn? Ṣé ò ń jẹun kí o tó jáde nílé láàárọ̀? Ọlọ́run tó mú ọ débẹ̀ kò ní padà lẹ́yìn rẹ. O ò ní fẹsẹ̀ gún ohun tí kò dáa, ohun tí kò dáa náà ò sì ní mọ ọ̀nà ilé rẹ. Ohun tí ò ń fọwọ́ kàn lójoojúmọ́ kò ní fọwọ́ kàn ọ́. Èyí tí mo sọ kẹ́yìn yìí ni àdúrà tí mò ń gbà jù báyìí, nítorí náà ṣe àmín sí i kí o tó máa kà á lọ.

O máa ti pe fóònù mi títí, kò ní dún. Má bínú, èmi ni mo fọ̀ ọ́. Àwòrán tí o fi ránṣẹ́ yẹn ló fà á. Mo ṣí i, mo rí àwọn nǹkan róbótó róbótó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra wọn bí ẹyin ọ̀pọ̀lọ́, mo ní kí ni gbogbo èyí, ohùn rẹ tó tẹ̀ lé e sì ní jẹjẹrẹ ni, pé ààyè ni wọ́n wà, pé abẹ́ dígí tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá lo ti ya àwòrán wọn. Ọmọ mi, àtẹ́lẹwọ́ mi ni wọ́n wà nígbà yẹn. Bàbá rẹ ní kí n gbé e wá kí òun náà wò ó, mo ní kò sóhun tó jọ ọ́, ojú ẹnì kan tó rí i ti tó. Mo gbọ́ ohùn rẹ tán, mo po omi gbígbóná mọ́ ọṣẹ, mo fọ fóònù náà dáadáa, mo fọ ọwọ́ mi náà, mo sá a sóòrùn lórí ilé adìẹ. Látìgbà yẹn kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní omi ló wọnú rẹ̀, mo ní mo mọ̀, èmi ni mo fi omi sí i, kó sọ fún mi bóyá àìsàn náà ti jáde. Ó wò mí, ó ní kí n lọ sinmi. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò ní sùúrù.

Fóònù bàbá rẹ wà níbẹ̀, àmọ́ o mọ̀ pé ayùn ti ba etí rẹ̀ jẹ́, kò lè gbọ́ ìpè àfi tó bá tẹ ibi tó ń pariwo, gbogbo ṣọ́ọ̀bù káfíńtà á wá máa bá wa gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ etí ọmọ iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ fi lẹ́tà yìí rán awakọ̀ tó ń bá wọn kó pákó. Ó ní òun máa gbé e dé ibi iṣẹ́ yín, mo ní kó má wọlé o, kó dúró síta gbangba kó ránṣẹ́ pè ọ́.

Ilé wà dáadáa. Ewúrẹ́ dúdú ti bímọ, akọ ni méjèèjì. Òrùlé ilé ìdáná ṣì ń jò níbi tó ti ń jò tẹ́lẹ̀, káfíńtà ló sì nilé, mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà tó ń gbé lápá ọ̀tún wa bi mí pé irú iṣẹ́ wo lọmọ mi ń ṣe gan-an, mo ní ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kó nǹkan sí fíríìjì, ó ní ṣé ẹja ni, mo ní ó jọ ọ́. Báyìí ó ti ní tí o bá ń bọ̀ kí o bá òun mú ẹja tó tóbi díẹ̀ wá. Mi ò mọ ohun tí màá sọ fún un. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ò ṣeé sọ síta.

Nígbà tí o wálé lọ́jọ́sí, tí o bó èèpo igi ẹ̀yìn ilé ìdáná, tí o já ewé kún àpò, tí o tún bu atalẹ̀ pupa àti kànáfùrù àti aáyù nínú ọjà tí mò ń tà, inú mi dùn, mo rò pé ẹ fẹ́ se nǹkan níbi iṣẹ́ ni. O ní rárá, pé ẹ máa lọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ máa rẹ wọ́n sínú ọtí líle, ẹ máa fún omi wọn, ẹ máa wá dà á sórí jẹjẹrẹ nínú àwo kékeré kí ẹ mọ èyí tó lè pa á. Mo ní iṣẹ́ rere nìyẹn. Ibẹ̀ ló yẹ kí n dákẹ́ sí. Èmi ni mo fẹnu ara mi bi ọ́ pé níbo lẹ ti máa rí jẹjẹrẹ tí ẹ máa da nǹkan sí.

Ohun tí o sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn ò tíì kúrò níkùn mi. O ní obìnrin kan ló ni ín, pé obìnrin náà ti kú kí wọ́n tó bí ọ, pé wọ́n mú un lára rẹ̀ kó tó kú, òun kú, àìsàn rẹ̀ ò kú, wọ́n wá ń pín in kiri ayé nínú ìgò. O ní ẹ̀yin lẹ̀ ń fún un lóúnjẹ. Mo ní kí ló ń jẹ, o ní omi kan tó pupa díẹ̀, tí wọ́n po omi ẹ̀jẹ̀ ọmọ màlúù mọ́. O ní ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara èèyàn lẹ̀ ń tọ́jú ẹ̀ sí, ẹ̀ ń pààrọ̀ omi rẹ̀, tó bá pọ̀ jù ẹ̀ ń pín in sí ìgò míì, èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ ó gbé e sí fíríìjì kan tó tutù ju gbogbo fíríìjì lọ, á sùn síbẹ̀, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá mú un jáde tẹ́ ẹ mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́, á jí. Adìẹ tó wà lẹ́yìnkùlé mi ò rí irú ìtọ́jú yẹn. O tún wá ní lọ́jọ́ kan ohun tó máa ń hù sára búrẹ́dì tó ti bu wọnú ìgò, gbogbo ẹ̀ kú pátá, o sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, o sunkún. Ọmọ tí mo bí, jẹjẹrẹ kú, o sunkún. Mo ti rò ó síwá rò ó sẹ́yìn. Mi ò sọ fún bàbá rẹ, torí pé lójú tiẹ̀ ohunkóhun tó bá ti ń gbowó oṣù, iṣẹ́ ni.

Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ẹ̀rù obìnrin tó kú yẹn ń bà mí, bóyá àwọn èèyàn rẹ̀ tiẹ̀ mọ̀ pé kò tíì kú tán. Ẹ̀rù rẹ ló wá ń bà mí jù. Ohun téèyàn bá ń bọ́ a máa mọ ohùn ẹni. Ajá mọ̀ ọ́, ewúrẹ́ mọ̀ ọ́, ẹyẹlé gan-an mọ ẹni tó ń da àgbàdo sílẹ̀ fún un. O ní kò lè jáde nínú ìgò torí pé kò lẹ́sẹ̀. Ṣé ibà lẹ́sẹ̀ ni?

Ó dáa, jẹ́ kí n sọ ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé. Àǹtí rẹ aránṣọ ni, àbúrò tó tẹ̀ lé mi. Ó fẹ́ rán bùbá fún ara rẹ̀, ó wọn ara rẹ̀, téèpù ní ọmú òsì ju ti ọ̀tún lọ. Ó ní téèpù ti fà, ó ra òmíràn, ìyẹn náà sọ ohun kan náà. Ló bá fọwọ́ síbẹ̀, ó kan nǹkan líle kan lábẹ́ ara, kò dùn ún, kò sì kúrò. Èmi nìkan ló sọ fún, ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ ìwọ kì í ṣe ẹnikẹ́ni. Mo bá a lọ sí ọsibítù. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ò ju ọjọ́ orí rẹ lọ, ọwọ́ rẹ̀ tutù, àmọ́ ó fara balẹ̀. Ó ní òun ò lè sọ ohun tó jẹ́ àfi kí àwọn mú díẹ̀ níbẹ̀, kò ní ju hóró ìrẹsì lọ, pé wọ́n máa fi sínú ìgò kékeré, wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí ìlú ńlá, sí ilé àyẹ̀wò, àwọn ló máa sọ orúkọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbé ìwé wá kí àǹtí rẹ fọwọ́ sí i. Mo bi í pé ilé àyẹ̀wò wo ni, ó ní èyí tó tóbi jù.

Èwo ló tóbi jù ní ìlú ńlá bí kì í bá ṣe ibi tí o wà? Ìyẹn ni pé wọ́n á gé e lára àbúrò mi, wọ́n á gbé e wá bá ọ, ìwọ ò ní mọ̀, ìwọ á gbé e síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìwọ á fún un ní ẹ̀jẹ̀ ọmọ màlúù, ìwọ á pín in sí ìgò, kò ní kú mọ́ láéláé. Ohun tó tún bà mí lẹ́rù ju ìyẹn lọ, tí mi ò tíì sọ sétí ẹnikẹ́ni, ni pé tí èyí tó wà lọ́dọ̀ yín bá ń jẹun, tó ń sanra, ṣé èyí tó kù lára rẹ̀ nílé níbí ò ní gbọ́? Ṣebí ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì pé a fẹ́ ra omi mu. Mo di àbúrò mi lọ́wọ́ mú, a gba géètì ẹ̀yìn jáde. A ò ra omi kankan.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni àwòrán àti ohùn rẹ wọlé. O ní àwòrán kìíní ni bí wọ́n ṣe rí kí o tó da nǹkan sí i, ìkejì ni bí wọ́n ṣe rí lẹ́yìn tí o da omi èèpo igi ẹ̀yìn ilé ìdáná wa sí i, gbogbo wọn ti hun jọ, wọ́n ti kú. O ń rẹ́rìn-ín nínú ohùn náà, o ní igi ilé wa ló ṣe dáadáa jù nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ yẹ̀ wò. Mo ní Ọlọ́run ti dáhùn, èyí làwa ń wá kiri. Kí n tó fọ fóònù gan-an ni mo ti gbé ìkòkò kaná. Mo bó èèpo igi náà, mo fi atalẹ̀ pupa àti kànáfùrù sí i, mo sì sọ ọ́ di púpọ̀ torí pé àwo tiyín kékeré ni, àǹtí rẹ sì sanra.

Ó ń mu ún láàárọ̀, ó ń mu ún lálẹ́. Ó ń bì. Mo ní kó máa bì í, àìsàn náà ló ń jáde. Oúnjẹ kọ̀ ọ́, mo ní àìsàn ni kò fẹ́ jẹun, kì í ṣe òun. Nígbà tó yá, ẹyinjú rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò lè fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́, ó rán apá aṣọ oníbàárà kan lódì, oníbàárà náà sì pariwo lé e lórí níṣojú àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ohun líle yẹn ò kúrò níbi tó wà. Mo ń fọwọ́ kàn án láràárọ̀, mo ń sọ fún un pé ó ti ń rọ̀. Kò rọ̀, ọmọ mi.

Ọjọ́ tí o wá mi tì lórí fóònù tí o wá pe bàbá rẹ, mo ti gbé oúnjẹ wọn wá, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Bàbá rẹ ń pariwo bí ẹni tó ń lé màlúù, ó bi ọ́ pé ṣé òótọ́ ni ohun tí mo sọ fún òun, pé igi ilé òun ń pa jẹjẹrẹ, ṣé kí òun máa gé e ní ìdì ìdì kí òun máa tà á. O ní rárá. O ní kò sóhun tí kì í pa á nínú àwo, omi gbígbóná ń pa á, kẹrosíìnì ń pa á, omi tí wọ́n fi ń sọ aṣọ di funfun ń pa á, pípa á kọ́ niṣẹ́, ohun tó máa pa á tí ò ní pa ẹni tó ni ín niṣẹ́. O ní ẹ ti tún da omi igi náà sórí èyí tí kò ṣàìsàn, èyí tó dà bíi ti ẹ̀dọ̀ èèyàn, ó pa ìyẹn náà. O ní kí ẹnikẹ́ni má mu ún o. Àwọn ọmọ iṣẹ́ dá ayùn dúró, wọ́n ń gbọ́. Èmi jókòó sórí pákó tó ní ìṣó, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó gún mi. Bàbá rẹ ní ó dáa, a ò ní tà á mọ́, ó wá ń bi ọ́ bóyá o ti san owó ilé. Kò mọ ẹnu tí mo ti ń dà á sí.

Mo dé ilé, mo da gbogbo ìkòkò náà nù síbi tí adìẹ ò ní dé, mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀, mo lé àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ síta, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ká téèpù ọrùn rẹ̀ jọ. Ó wá ní ìyẹn ni pé kẹrosíìnì lẹ̀gbọ́n òun ti ń fún òun mu. Mo ní kì í ṣe kẹrosíìnì. Ó ní ẹbí kan náà ni wọ́n. Ó rẹ́rìn-ín, èmi sunkún, nígbà tí mo dákẹ́, òun náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀, ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀ fún àbúrò, ó ní kí n dìde kí ojú má ti òun.

Ìgbà yẹn ló wá bi mí ìdí tí mo fi fà á jáde ní ọsibítù. Mo sọ ọ̀rọ̀ ìgò fún un, mo sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ọmọ màlúù, mo sọ pé èyí tó wà lára rẹ̀ lè gbọ́. Ó wò mí bí ìgbà tí a ṣì wà lọ́mọdé. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń gé aṣọ fún èèyàn, ìgékù tó wà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù òun ò tíì sọ ohunkóhun rí fún aṣọ tó wà nínú àpótí oníbàárà. Mo ní aṣọ kì í mu ẹ̀jẹ̀. Ó ní kí n dákẹ́. Ó ní aṣọ tí wọ́n ò bá gé, ẹnì kankan ò lè rán an, òun ń padà lọ síbẹ̀ lọ́la, tó bá wù mí kí n tẹ̀ lé òun, tí kò bá wù mí kí n jókòó ti ìkòkò mi.

Mò ń tẹ̀ lé e. Ta ló máa bá a gbé báàgì? Màá sọ fún dókítà pé ó mu èèpo igi, mi ò ní fi pa mọ́, bó bá fẹ́ bú mi kó bú mi, kó sáà wo ojú tó pọ́n yẹn fún un. Àmọ́ ẹ̀rù ò tíì kúrò lára mi. Mò ń rí hóró ìrẹsì yẹn tó ń dàgbà.

Nítorí náà bá wa wá owó díẹ̀, ti ọkọ̀ àti ti ọsibítù, torí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò pa nǹkan láti ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Awakọ̀ pákó ni kí o kó o fún, má fi sí báńkì. Ìgbà tí mo lọ gbowó lẹ́nu ẹ̀rọ wọn kẹ́yìn, ó ní kí n mú nọ́ńbà àṣírí mi wá, èèyàn sì wà lẹ́yìn mi, mo fẹnu mọ́ ọn létí, mo sọ ọ́ fún un wúyẹ́wúyẹ́, kò dá mi lóhùn. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn ní kí n tẹ̀ ẹ́ sí i ni. Bó o bá lè wá fóònù kékeré fún mi pẹ̀lú, wá èyí tí kì í gba àwòrán. Wọ ìbọ̀wọ́ méjì léra wọn níbi iṣẹ́. Aṣọ funfun tẹ́ ẹ̀ ń wọ̀ níbẹ̀, má wọ̀ ọ́ wálé wa láéláé.

Mo rò pé mo ti kọ ọ́ tán, àǹtí rẹ ló wọlé, ó jókòó tì mí lórí bẹ́ẹ̀dì, ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó kà á látòkè délẹ̀. Kò bínú. Ó ní kí n kọ ọ̀rọ̀ tòun sí i. Ó ní kí n sọ fún ọ pé bí èyí tí wọ́n bá gé lára òun bá lè wà láàyè nínú ìgò yín, kí o má jẹ́ kó kú o. Ó ní kí o fún un lóúnjẹ dáadáa, kí o máa da gbogbo ewé tó wà láyé sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, títí o fi máa rí èyí tó máa pa á tí kò ní pa èèyàn. Ó ní òun bí ọmọbìnrin méjì, èmi náà bí ìwọ, gbogbo yín lẹ lọ́mú. Ó ní òun ò fi ọwọ́ lẹ́rán rí láyé òun, bí òun bá tiẹ̀ lọ, kí nǹkan òun kan ṣì wà níbi iṣẹ́.

Mo ní mi ò ní kọ ọ́. Ó ní òun lòun ni ín, kì í ṣe èmi. Ó ń wo ọwọ́ mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ó sì mọ̀wé kà jù mí lọ, mi ò lè yí i. Wo bí ìwé náà ṣe rí wọ́gọwọ̀gọ níbí, òun ló ń ti ìgbọ̀nwọ́ mi. Èmi ò tíì gbà pẹ̀lú rẹ̀ o, ọmọ mi, àmọ́ mo ti kọ ọ́. Ohun tí èmi ń bẹ̀ ọ́ fún ò pọ̀. Bí wọ́n bá gbé ìgò kékeré kan wá láti apá ọ̀dọ̀ wa, má kàn ṣí i bẹ́ẹ̀. Kọ́kọ́ kúnlẹ̀ díẹ̀, kí o ní ẹ káàbọ̀, Àǹtí. Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ̀yin méjèèjì níbẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ.